Ohun-Ọ̀ṣọ́ Onídígí ní Accra

Bí a bá rí ohun-ọ̀ṣọ́ àtijọ́ tí a fi píìnì há mọ́ aṣọ ní àyà obìnrin kan ní Accra, tí òkúta pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ń tàn yinrinyinrin lára rẹ̀, kí a má ṣe pè é ní dáyámọ́ǹdì. Dígí ni. Ìlú tí òkìkí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kàn jù ni Jablonec ní ilẹ̀ Bohemia, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Gablonz. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wá. Ní 1945 àti 1946, ìjọba Czechoslovakia lé àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Jámánì jáde. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Kaufbeuren ní Bavaria, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n sì sọ àdúgbò náà ní Neugablonz, èyí ni Gablonz Tuntun.

Ohun tí ó dé bá àwọn tí ń ṣe é dé bá àwọn tí ń tà á pẹ̀lú. Àwọn Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin nínú wọn, wà lára àwọn tí ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọjà wẹ́wẹ́ káàkiri Gánà. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tí ó mọ dígí gé ṣì ní ọwọ́ rẹ̀. Oníbàárà ni dúkìá oníṣòwò, kò sì ṣeé dì sínú ẹrù. Ọ̀pọ̀ wọn ta ọjà wọn ní gbàǹjo, èyí tí wọ́n sì ti tà láwìn kù sára aṣọ àwọn tí wọ́n jẹ wọ́n ní gbèsè.