Ọmọ Ogun Àtúnkọ́

Màmá Mushin ni a ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n ní ọdún 2019, làkúrègbé ni gbogbo wa pè é. A fi òróró pa á, a ra oògùn. Ìgbà tí egungun ìhà wọn kán níbi tí wọ́n ti ń gbé korobá omi ni a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ náà, multiple myeloma.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn ni mo pè é, mùdùnmúdùn kan náà tí àwọn ọmọdé ń fà mu nínú egungun ẹran. Inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà. Bí alágbẹ̀dẹ yìí bá ya wèrè, yóò máa pọ̀ sí i, yóò máa jẹ egungun, yóò sì máa ba kíndìnrín jẹ́.

Àrùn àtijọ́ ni. Ní London, ní ọdún 1844, obìnrin ẹni ọdún 39 kan, Sarah Newbury, kú lẹ́yìn tí egungun rẹ̀ ti kán káàkiri. Omi èpo ọsàn àti oògùn rhubarb wà lára ohun tí àwọn dókítà fún un. (Àgbo nìyẹn, bí kò bá jẹ́ pé òyìnbó ló sè é.) Ó di ọdún 1958 kí àwọn dókítà Rọ́ṣíà tó ròyìn melphalan. Thalidomide tẹ̀ lé e ní 1999, bortezomib ní 2003. Gbogbo wọn ń lé àrùn náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó máa ń padà.

Ní 1989, Zelig Eshhar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì fi hàn pé a lè fún sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ní ojú tuntun tí yóò fi dá ọ̀tá mọ̀. Wọn a fa sẹ́ẹ̀lì náà jáde lára aláìsàn, wọn a gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọn yóò ti kọ́ ọ láti dá àmì BCMA mọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì aṣebi, wọn a sì dá a padà sára ẹni tó ni ín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí àkọ́kọ́ fún àrùn yìí, Abecma. Nínú ènìyàn 128 tí wọ́n fún, àrùn náà fà sẹ́yìn lára ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún padà sára ọ̀pọ̀ wọn. Dọ́là 419,500 ni iye rẹ̀ ní ọdún 2021. Ní Amẹ́ríkà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú ń ní àrùn yìí ní bí ìlọ́po méjì àwọn aláwọ̀ funfun.

Oṣù Kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀rọ ìtànṣán ibẹ̀ ló mú ìrora Màmá Mushin rọlẹ̀. Melphalan, oògùn 1958 yẹn, ló sì fún wọn ní ọdún méjì. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn sẹ́ẹ̀lì kejì, Carvykti, ní oṣù Kejì 2022, àrùn tiwọn ti padà. Mo túmọ̀ ìròyìn náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ tèmi náà yóò rí físà gbà?”

Wọ́n papò dà ní oṣù Keje. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yẹn, mo bi wọ́n pé kí ni à bá máa pe ìtọ́jú náà ní Yorùbá. Wọ́n ní ọmọ ogun àtúnkọ́. Òun ni mo ń lò ní kíláàsì mi títí di òní.