Owó Wúrà Amẹ́ríkà Kan ní Abúlé Òkúta

Màmá onílé wa ní Abúlé Òkúta kì í sábà pe àwa ayálégbé wọ yàrá wọn. Bí ọ̀rọ̀ owó iná bá délẹ̀, tàbí ti ẹni tí kò ti géètì lálẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ìdí nìyí tí àyà wa fi já lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwa mẹ́ta wọlé, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a sì jókòó. A ti rò pé wọ́n fẹ́ fi kún owó ilé ni. Wọ́n ki ọwọ́ sínú agolo bisikíìtì àtijọ́ kan, wọ́n tú àkísà àdìrẹ kékeré kan, wọ́n sì gbé ohun kan lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ bá mi wo eléyìí. Ìyá tó bí ìyá mi ló ni ín. Ẹnì kan fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi."

Owó wúrà ni. Orí obìnrin kan wà lójú rẹ̀, wọ́n kọ LIBERTY sára adé rẹ̀, ìràwọ̀ 13 yí i ká, ọdún 1881 sì wà nísàlẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyẹ idì ló na ìyẹ́, wọ́n sì kọ UNITED STATES OF AMERICA àti FIVE D. sí i. Dọ́là márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ Amẹ́ríkà: wọ́n ti jó òrùka tín-ín-rín kan mọ́ òkè rẹ̀, kí ṣéènì lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tó fẹ́ rà á sọ fún Màmá pé òun kàn máa wọ̀n ọ́n ni, òun á sì yọ òrùka orí rẹ̀ kúrò kí òun tó ṣírò owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ lórí fóònù pé kí wọ́n má gbà, pé irú owó àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ́lé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ wọn wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì san. Ohun tí Màmá fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń tan òun jẹ nínú àwọn méjèèjì?

Àwa mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni wá. A kò mọ nǹkan kan nípa wúrà. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́ "ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé" lójú wọn, ojú á tì wá bí a bá padà lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a rí nìyí.

Àkọ́kọ́, owó yìí kì í ṣe àlejò tó ṣìnà dé Èkó. Lọ́dún 1880, Èkó ṣì wà pọ̀ mọ́ Gold Coast, ibẹ̀ sì ni gómìnà tó ń pàṣẹ lé wa lórí ń gbé. Lọ́dún náà ni wọ́n ṣe òfin tó lé dọ́là fàdákà kúrò nínú owó tí òfin mọ̀. Òfin yẹn kan náà fi àyè sílẹ̀ fún owó wúrà: ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Sípéènì àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ti Faransé, àti ti Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè ní Èkó nígbà náà, ó lè fi owó wúrà Amẹ́ríkà san án, ẹni tó yá a lówó kò sì lè sọ pé òun kò mọ irú owó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n lé fàdákà, tí wọ́n sì gba wúrà? Dọ́là fàdákà láti Mẹ́síkò, Pérù àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ti pẹ́ ní etíkun wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1871, Jámánì fi wúrà ṣe ìpìlẹ̀ owó rẹ̀, ó sì ń ta fàdákà rẹ̀ síta. Iye fàdákà já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Bí iye rẹ̀ ti já lókè òkun, tí wọ́n ṣì ń gbà á ní iye àtijọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá rà á ní pọ̀ọ́kú lọ́hùn-ún lè fi ra epo pupa níbí kó sì jèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ta epo ló ń pàdánù, kò sì mọ̀, nítorí dọ́là tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti àná.

Ti wúrà yàtọ̀. Iye tí wọ́n kọ sí owó wúrà Amẹ́ríkà àti iye wúrà tó wà nínú rẹ̀ bára mu. Nígbà náà, pọ́ùn kan jẹ́ dọ́là 4.86, nítorí náà dọ́là márùn-ún wúrà tó nǹkan bíi pọ́ùn kan àti sísì kan. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sórí owó ẹyọ, kó lè yé wa bó ṣe yé àwọn ìyá ńlá wa. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí owó ẹyọ ti di yẹpẹrẹ, ẹgbàá kan ni wọ́n ń kà sí sísì kan. Ọ̀kẹ́ kan wá jẹ́ ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin jẹ́ pọ́ùn kan. Ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù alárù kan. Ohun tó wà nínú àkísà àdìrẹ Màmá yìí, tí kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ géètì wa, tó ẹrù alárù mẹ́rin, ẹgbàá kan á sì tún ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Báwo ló ṣe dé ọwọ́ ìyá ìyá wọn? Màmá kò mọ̀, àwa náà kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀nà pọ̀. Àwọn àgùdà ń ti Brazil àti Kúbà bọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá wà láàárín wa: James Churchwill Vaughan, ọmọ South Carolina, gba Làìbéríà kọjá sí ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1850 sí 1860, ó sì di gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó kó tó kú lọ́dún 1893. Ohun tó dá wa lójú ni ìdí tí irú owó bẹ́ẹ̀ kò fi pẹ́ lọ́jà. Ẹni tó bá ní fàdákà àti wúrà lọ́wọ́, tí ọjà sì gba méjèèjì, fàdákà ni yóò ná, yóò sì tọ́jú wúrà. Nígbà tí Bank of British West Africa dé lọ́dún 1894, ṣílè fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kó wọlé. Láti 1912 ni àjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣètò owó fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wúrà ti wọ inú àpótí, tàbí kó ti dé ọrùn ìyàwó, tàbí kó ti bọ́ sínú iná àgbẹ̀dẹ.

Èkejì, ṣé wúrà ni lóòótọ́? Òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà ni pé kí dọ́là márùn-ún wúwo ní gíráàmù 8.359, kí ìdá 900 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ wúrà, kí ìyókù jẹ́ bàbà. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 21.6. A wọn ìbú rẹ̀, ó bára mu. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Ṣùgbọ́n nítorí òrùka orí rẹ̀, ìwọ̀n ìwúwo rẹ̀ nìkan kò lè dá wa lóhùn. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ló fi ọ̀nà omi hàn wá. Gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, kí o dá a padà sí òdo. Fi òwú so owó náà, jẹ́ kó rì sínú omi láì kan ìsàlẹ̀ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà ni kí o fi pín ìwúwo owó náà. Idẹ yóò fún ọ ní nǹkan bí 8.5, òjé á fún ọ ní 11.3, wúrà Amẹ́ríkà yìí á sì fún ọ ní nǹkan bí 17.2. Tiwa lé díẹ̀ ní 17. Màmá ń wò wá bí ẹni tó ń wo oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan wà ní Bẹ́írúùtù ní Lẹ́bánónì tó ń fi ojúlówó wúrà ṣe ayédèrú owó Amẹ́ríkà, nítorí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń san ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ. Wúrà lè jẹ́ òótọ́ kí owó jẹ́ irọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń fi awò wo etí lẹ́tà, ìràwọ̀ àti eyín etí owó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń máàkì owó bí olùkọ́ ṣe ń máàkì wa. William Sheldon ló gbé òṣùwọ̀n yìí jáde lọ́dún 1949 fún owó bàbà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà: láti 1 dé 70. Owó tó ti họ tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀ mọ́ yóò gba 1. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí ń bẹ̀rẹ̀ láti 60, 70 sì ni èyí tí kò ní àbàwọ́n kankan. Láti 1986 àti 1987 ni PCGS àti NGC ti ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n ń máàkì rẹ̀, tí wọ́n sì ń sé e mọ́ inú ike. Wọ́n tún máa ń wo ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Lẹ́tà CC ní ẹ̀yìn owó túmọ̀ sí Carson City. Lọ́dún 1881, nǹkan bí 14,000 dọ́là márùn-ún péré ni wọ́n rọ níbẹ̀. Ti Màmá kò ní lẹ́tà kankan, Philadelphia ló ti wá, níbi tí wọ́n ti rọ iye tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ lọ́dún náà. Owó tí wọ́n bá ti nù kó lè dán, tàbí tí wọ́n jó nǹkan mọ́, wọn kì í fún un ní máàkì lásán bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n á kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé ó ní àbùkù.

Ìdáhùn wa fún Màmá nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàṣejù: kò lè kọ́lé. Oníbàárà náà kò sì sọ gbogbo òótọ́: ó yẹ kí iye wúrà rẹ̀ pé, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní iye ọjà ọjọ́ náà, kí wọ́n sì wọn òrùka náà mọ́ ọn bó bá jẹ́ wúrà. Bí wọ́n bá yọ òrùka náà, ojú àpá á wà níbẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹni tó bá rà á, ṣé yóò yọ́ ọ ni?" Màmá bi wá.

A ní ó ṣeé ṣe. A sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ kí àwọn aráàlú kó owó wúrà wọn wá fún ìjọba, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n yọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Ọdún 1974 ló parí kí òfin tó tún gba ará Amẹ́ríkà láyè láti ní wúrà bó ṣe wù ú. Ká ní owó yìí jókòó sí ilé ni, bóyá kì bá ti wà mọ́. Òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn lè jẹ́ ohun tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, nítorí ó ti kúrò ní owó, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máàkì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú mi. Àwọn tiwa kì í ka ihò sí àbùkù. Owó ẹyọ tí wọ́n lu ni wọ́n lè fi okùn so ní ogójì ogójì. Owó ẹyọ tí wọ́n ti dá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń dà láti fi ṣe ẹ́ẹ́rìndínlógún. Ihò ló fi hàn pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn àgbà sì sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òṣùwọ̀n Sheldon wúlò fún ẹni tó ń rà tó sì ń tà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò tíì kan ara ni ó ń wá, kò sì ní ààyè tí a ó kọ orúkọ ìyá ìyá Màmá sí.

A ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, a kọ ìwúwo rẹ̀, ìbú rẹ̀, àti ohun tí Màmá rántí nípa obìnrin tó kọ́kọ́ fi í sọ́rùn. A fún wọn ní ẹ̀dà kan. Wọ́n ká a pọ̀, wọ́n fi sínú agolo pẹ̀lú owó náà.

"Èésú mi á bọ́ sọ́wọ́ mi lóṣù tó ń bọ̀," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ní sùúrù díẹ̀." Wọ́n sì tún rán wa létí pé owó iná ti tó san.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, nígbà tí ẹ bá tún lọ sílé, ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín ohun tó wà nínú agolo wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé.