Ìlera Lọrọ̀, Ta Ló Ń Sanwó Ẹ̀?

Kí ìjọba tó dá sí i rárá, àjọ àti èésú la fi ń gba ara wa sílẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀gá á tú àpò, ẹgbẹ́ á dáwó.

Ọdún 1999 ni òfin adójútòfò ìlera jáde. 2005 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, agbanisíṣẹ́ á san ìdá 10 nínú 100 ìpìlẹ̀ owó oṣù, òṣìṣẹ́ á san 5. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 10 sókè ni òfin 1999 yẹn bá wí. Ṣé ẹ rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ti mẹkáníìkì, ti onídìrí? Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn.

Nígbà tí Èkó gbé tiẹ̀ dé ní 2018, ₦8,500 lẹ́nìkan ń san lọ́dún. Ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́ márùn-ún á kó ₦42,500 sílẹ̀. Ó ṣì ṣeé gbà. Àmọ́ láti 2023 tí náírà ti já, owó oògùn tí à ń kó wọlé fò sókè, owó ìtọ́jú náà sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, òfin 2022 ti sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo wa.

Tí ọ̀gá bá san án, èrè lọ. Tó bá yọ ọ́ lára owó ọmọṣẹ́, oúnjẹ lọ. Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá san án ńkọ́? Ọjọ́ tí àìsàn bá dé, wọ́n á ta ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àwa tí à ń dáwó aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ ká dá ti ìlera náà. Àjọ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́wọ́ wa.