Omi Volta àti Iná Tamale

Vittin jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá ilẹ̀ Gáná. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Akosombo ní ìhà gúúsù, níbi tí a ti sé odò Volta; ó sì tún jìn dé Accra, níbi tí a ti ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí iná mànàmáná. Síbẹ̀, ohunkóhun tí a bá fọwọ́ sí ní Accra, àwọn ará Vittin yóò bá wọn san nínú owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń sọ iná di ọ̀wọ́n, kò tó kí ó béèrè bóyá omi ni ó mú un wá, tàbí gáàsì, tàbí oòrùn. Ó yẹ kí ó béèrè pẹ̀lú pé: irú àdéhùn wo ni a ṣe lé e lórí?

Láti 1915 ni Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ti sọ pé a lè sé odò Volta kí a sì rí agbára iná nínú rẹ̀. Ìjọba Kwame Nkrumah ni ó sọ èrò náà di iṣẹ́. A fi òfin dá Àjọ Odò Volta sílẹ̀ ní 1961, Nkrumah sì ṣí iṣẹ́ Akosombo ní oṣù Kínní 1966, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù kan kí àwọn ológun lé e kúrò lórí oyè. Ìwọ̀n 80,000 ènìyàn ni ó fi ilé baba wọn sílẹ̀ fún adágún omi náà.

Owó tí a fi ṣe iṣẹ́ yìí kò kéré. Gáná san ìdajì. Báńkì Àgbáyé, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó yá a ní ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yáni lówó a máa fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti padà wá, nítorí náà ó di dandan kí a rí oníbàárà ńlá tí yóò máa ra iná náà. Oníbàárà yìí ni VALCO, ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ álúmínọ́mù ní Tema, tí Kaiser àti Reynolds ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Àdéhùn 1962 fún un ní iná ní owó pọ́ọ́kú fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967, òun ni ó wá ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná Akosombo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí iyè méjì pé láìsí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó yá Gáná lówó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí ní Àríwá. Volta Funfun, ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń kún adágún Akosombo, kò jìnnà sí Tamale. Ní Nawuni ni a ti ń fa omi rẹ̀ fún ìlú náà. Omi ń kọjá lẹ́bàá wọn lọ tan iná fún ẹlòmíràn. Ní 1972, iná Akosombo ti dé Togo àti Dahomey, èyí tí à ń pè ní Benin lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ díísẹ́lì ni Tamale ṣì gbára lé. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí wọ́n pọ̀ ní ọjà Tamale nígbà kan, tí wọ́n sì di ẹrù wọn ní ìparí 1969 nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, kò rí iná Akosombo níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ní 1987 ni Àjọ Odò Volta dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa pín iná fún Àríwá, wáyà ńlá sì dé Tamale kí ó tó di 1990.

Títa wáyà lọ sí ibi jíjìn, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá kò pọ̀, kì í mú èrè wá kíákíá. Bí a bá fi ti èrè nìkan ṣe é, owó iná ará Vittin ìbá ju ti ará Accra lọ. Iye kan náà ni a fi lélẹ̀ fún ìdílé jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìpinnu ìjọba ni èyí, ó sì dára.

Omi kì í béèrè owó epo, ṣùgbọ́n ó ń béèrè òjò. Ní 1983, ọ̀dá mú adágún náà fà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gé iná VALCO. Ní 1985, Gáná jókòó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà, iye tí ó ń san sì lọ sókè. Èyí fi hàn pé a lè tún àdéhùn ṣe bí ìgbà bá yí padà. Gáná kọ́ ilé iṣẹ́ iná elépo sí Aboadze ní ìparí àwọn ọdún 1990, a sì ri páìpù láti Nàìjíríà gba abẹ́ òkun lọ láti máa gbé gáàsì fún Benin, Togo àti Gáná. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni: ní oṣù Kẹjọ 1912 kọ́, bí kò ṣe 2012, páìpù náà bàjẹ́ nítòsí Lomé, gáàsì sì dá. Ìṣòro iná tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Gáná ń pè ní dumsor, èyí tí í ṣe "pa á, tàn án" ní èdè Akan.

Ìdààmú yìí mú kí ìjọba fi ìkánjú fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ àdéhùn. Púpọ̀ nínú wọn wí pé bí a lo iná náà, bí a kò lò ó, owó di sísan. Ní 2019, mínísítà ètò ìnáwó jíṣẹ́ fún ilé aṣòfin pé agbára ẹ̀rọ gbogbo jẹ́ 5,083 mẹ́gáwáàtì, nígbà tí èyí tí a ń lò ní wákàtí tí ìlò pọ̀ jù kò ju nǹkan bí 2,700 lọ. Ó ní Gáná ń san ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dọọdún lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn. Àìtó iná ni a sá fún; gbèsè ni a bá pàdé.

Oòrùn ńkọ́? Ìhà àríwá ni oòrùn ti mú jù ní Gáná. Ìjọba pinnu pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná orílẹ̀-èdè náà wá láti orísun bíi oòrùn àti afẹ́fẹ́ kí ó tó di 2020. Àjọ Odò Volta gbé sólà 2.5 mẹ́gáwáàtì kalẹ̀ nítòsí Navrongo ní 2013, ó sì tún gbé òmíràn sí Kaleo àti Lawra lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n 2020 dé, ọwọ́ kò tẹ ìdá náà. A sún un síwájú di 2030. Ó sì ṣe ni láàánú pé láàárín ọdún mẹ́wàá náà ni iye owó iná sólà já wálẹ̀ ní àgbáyé ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ẹni tí ó ti ń san owó iná tí kò lò, báwo ni yóò ti ṣe ra òmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀? Bí àdéhùn àtijọ́ ti dí ọ̀nà mọ́ oòrùn nìyẹn.

Kì í ṣe pé oòrùn kò ní àléébù. Ó ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí olúkúlùkù ń tan iná. Bátìrì tí yóò tọ́jú agbára rẹ̀ di òru sì ń gba owó. Òfin tuntun ti 2020 wí pé kí àwọn tí ó fẹ́ ta irú iná bẹ́ẹ̀ máa figa gbága, kí a lè ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìgbésẹ̀ rere ni, bí a bá pa á mọ́.

Nígbà tí awuyewuye ṣẹlẹ̀ ní Tamale ní 2022 lórí mítà tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn dá àwọn ará ìlú lẹ́bi nìkan. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó jí iná lò ń di ẹrù rẹ̀ lé aládùúgbò lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé láìka iye ìlò ìlú ti di ẹrù tí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ lé gbogbo ènìyàn lórí. Nítorí náà, kí ìjọba tó fọwọ́ sí àdéhùn iná mìíràn, ìbáà ṣe ti omi, ti gáàsì tàbí ti oòrùn, ó tọ́ kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ní gbangba: ta ni yóò sanwó bí a kò bá lo iná náà? Owó ilẹ̀ wo ni a ó fi san án? Kí ni yóò kan ẹni tí ó wà ní òpin wáyà? Ibi tí a bá ti fi ìdáhùn pamọ́, owó ará Vittin ni a ń ná.