Yàrá Wo Ni Ijó Ń Gbé? Ìtàn Kíkọ́ Ijó ní Ilé-Ìwé Sẹ́kọ́ńdírì, láti Peckham Wò Ó

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi Peckham, ní gúúsù London, ṣe ibùgbé. Àwọn kan wá kàwé ní nǹkan bí ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, wọn kò sì padà mọ́. Ọ̀pọ̀ mìíràn dé láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú, nígbà tí ọrọ̀ ajé ilé dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó bá rìn gba Rye Lane kọjá lónìí yóò gbọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu ẹlẹ́ran àti lẹ́nu aláṣọ. Ilé-ìwé àdúgbò ni àwọn ọmọ wọn ń lọ, ijó sì wà lára ohun tí wọ́n lè bá pàdé níbẹ̀.

Ohun tó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ibi tí wọ́n fi ijó sí nínú ilé-ìwé, àti ẹni tó fi í síbẹ̀. A ó fi hàn pé ibi tí àwọn aláṣẹ fi ijó sí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń pinnu ohun tí ọmọ lè rí kọ́ nínú rẹ̀. A ó sì fi hàn pé fún ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan èdè pẹ̀lú.

Bí ijó ṣe wọ ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí a kò lè fo orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yìí ni Rudolf Laban. Ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní ìlú tí à ń pè ní Bratislava lónìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jámánì ló ti di olókìkí. Nígbà tí ìjọba Nazi dí i lọ́nà, ó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1938. Ní 1946, Lisa Ullmann dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Manchester, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọgbọ́n Laban. Ní 1948, Laban tẹ ìwé rẹ̀, Modern Educational Dance, jáde. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ọmọ má kàn máa sín ìgbésẹ̀ olùkọ́ jẹ, bí kò ṣe pé kí ó fi ara rẹ̀ wádìí bí ènìyàn ṣe ń lo agbára, àkókò àti àyè.

Àwọn olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ló kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ yìí mọ́ra, àwọn ló sì gbé e wọ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba. Nípa bẹ́ẹ̀, inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni ijó bá ara rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Manchester náà ṣí káàkiri kí ó tó dé New Cross, tí kò jìnnà sí Peckham, ní ọdún 1976. Deptford ló wà báyìí.

Òfin ọdún 1988

Òfin Àtúnṣe Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1988 ló gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀ fún ilé-ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, jọ́gíráfì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, orin, iṣẹ́ ọnà àti eré ìdárayá. Ó sì fi èdè ilẹ̀ òkèèrè kún un fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Kò dárúkọ ijó, kò sì dárúkọ eré oníṣe. Nígbà tí àlàyé ìlànà náà jáde, abẹ́ eré ìdárayá ni wọ́n fi ijó sí, wọ́n fi eré oníṣe sábẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, orin sì ní yàrá tirẹ̀. Ní 1990, nígbà tí ìlànà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ìjọba tú ILEA ká, ìyẹn àjọ tó ti ń darí ẹ̀kọ́ ní àárín gbùngbùn London láti 1965. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ló wá gba àwọn ilé-ìwé Peckham sọ́wọ́.

Ìlù tó ń sọ̀rọ̀

Lójú Yorùbá, ohun tí òfin yìí pín sí yàrá mẹ́ta jẹ́ odidi kan. Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé wa. Ní Òṣogbo ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, ẹni tó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé rí, gbé orin ọdún Àjíǹde kalẹ̀ fún ìjọ pẹ̀lú ìlù Yorùbá nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn. Ó wá àyè mìíràn fún iṣẹ́ rẹ̀. Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, Ọba Kòso sì jáde ní 1963. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì dé Bìrìtéènì ní 1965 fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì. Nínú eré yìí, ìlù bàtá, ijó àti oríkì kò ṣeé yà kúrò lára wọn. Àyè tó gba gbogbo wọn pọ̀ ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà di odidi.

Ìdí tí wọn kò fi ṣeé yà wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Onídùndún a máa fún ọsán ìlù rẹ̀ láti gbé ohùn wọ̀nyí jáde. Bàtá kò ṣeé fún bẹ́ẹ̀. Ojú ìlù méjèèjì, ńlá àti kékeré, ni onílù ń lù pọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bàtá fi ṣòro láti gbọ́ ju ti dùndún lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Ìyáàlù lè kí ènìyàn, ó lè pe oríkì rẹ̀, ó lè bú u, ó sì lè pàṣẹ fún oníjó; ẹsẹ̀ àti èjìká oníjó ni èsì. Àwọn àgbà kò ṣì í wí nígbà tí wọ́n sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá wá kọ́ ọmọ ní ìgbésẹ̀ bàtá nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá, tí ìlù ń jáde láti inú ẹ̀rọ, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ìlù náà sọ ohunkóhun, ó ti rí eré ìdárayá kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ náà ti sọnù.

Ìta ilé-ìwé àti inú rẹ̀

Àwọn kan gbìyànjú láti so ohun tó tú ká pọ̀ padà, ìta ilé-ìwé sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe é. Peter Badejo, oníjó àti aṣẹ̀dá ijó ọmọ Nàìjíríà, dá Badejo Arts sílẹ̀ ní London ní ọdún 1990. Orúkọ tó fún ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀, Bami Jo, jẹ́ ìpè ní èdè Yorùbá. Ó tún gbé ìlànà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tó dúró lórí bàtá, tó pè ní Batabade. Nípa báyìí, bàtá di ẹ̀kọ́ tó ní òfin àti ìpele tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ballet ti ní. Ní àdúgbò Peckham fúnra rẹ̀, Teresa Early ti dá ilé-iṣẹ́ eré kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní 1986, èyí tí a mọ̀ sí Theatre Peckham lónìí. Níbẹ̀ ni John Boyega, ọmọ Peckham tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ti kọ́ eré ní kékeré. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ bá mọ̀ nípa irú ibẹ̀, tó sì ní àkókò láti mú un lọ, ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń tètè kàn. Ilé-ìwé nìkan ni gbogbo ọmọ ń lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé yàrá kọ́ ló ń kọ́ni, olùkọ́ ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìtàn ìlú Leeds sì jẹ́rìí sí i. Nadine Senior, olùkọ́ eré ìdárayá ní Harehills Middle School, fún ijó ní àyè gidi, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ní 1981, David Hamilton, Donald Edwards àti Vilmore James, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ìlú náà, dá ẹgbẹ́ oníjó Phoenix sílẹ̀. Ní 1985, Senior dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ijó sílẹ̀ ní Leeds. Inú yàrá eré ìdárayá kan náà ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Senior ní ni àkókò. Àkókò yìí gan-an ló wá ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn náà.

Ìdánwò àti òṣùwọ̀n

Ní 2010, ìjọba gbé òṣùwọ̀n EBacc kalẹ̀ láti fi díwọ̀n ilé-ìwé: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn tàbí jọ́gíráfì, àti èdè mìíràn kan. Ijó kò sí níbẹ̀, orin kò sí níbẹ̀. Iye ọmọ tó ń ṣe ìdánwò GCSE nínú ijó dín kù púpọ̀ ní ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà méjì ni èyí gbà kan ọmọ Yorùbá: wọn kò ka ijó sí, wọ́n ka èdè sí, ṣùgbọ́n kò sí GCSE nínú èdè Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun yóò fa òṣùwọ̀n náà tì. Ìkéde yìí kò lè dá olùkọ́ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ padà.

Kí ni ó wà nínú ìdánwò náà? Nínú ìlànà tí àjọ AQA bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2016, ijó jíjó àti ṣíṣẹ̀dá ijó ló gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé kíkọ sì gba ìdá 40. Iṣẹ́ mẹ́fà ni àwọn ọmọ ń kọ́ fún ìwé kíkọ. Emancipation of Expressionism ti Kenrick Sandy dúró lórí hip-hop; A Linha Curva ti Itzik Galili gba ọ̀nà samba ilẹ̀ Brazil mú ìlù àwọn ọmọ Áfíríkà wọlé. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ti inú ijó Yorùbá jáde. Ṣùgbọ́n ìdá 30 wà fún ijó tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá. Àjọ náà ló ń fún un ní kókó tí yóò ṣiṣẹ́ lé lórí. Òun ló ń yan ọ̀nà tí yóò gbà dáhùn. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún bàtá nìyí.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìpinnu àwọn aláṣẹ ló fi ijó sí yàrá kan àti ìlù sí òmíràn. Ohun tí ènìyàn pín, ènìyàn lè tún un so pọ̀, kò sì di dandan kí a dúró de òfin tuntun. Olùkọ́ ijó lè pe onílù tó gbọ́ Yorùbá wá sí kíláàsì ní ẹ̀ẹ̀kan ní sáà. Ó lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu sọ ohun tí ìlù wí kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ dáhùn. Nínú àkọsílẹ̀ ilé-ìwé, ó lè pe ijó náà ní bàtá, kí ó má pè é ní ijó Áfíríkà lásán. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tó ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé ní olùkọ́ tó lè ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ilé-ìwé tó wà ní àdúgbò wọn, nítorí àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́.