Àwọn ọtí bíà kíkan Cantillon

Àwọn ọtí bíà kíkan Cantillon jẹ́ oríṣiríṣi ọtí lambic tí ilé ìpọntí Cantillon ń pọn ní Anderlecht, ní ìlú Brussels, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Paul Cantillon ni ó dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀ ní ọdún 1900. Ìdílé Van Roy, tí wọ́n di àna ìdílé Cantillon, ni ó ń darí rẹ̀ báyìí. Láti ọdún 1978 ni ó ti tún jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n

Ọkà báálì tí a mú hù àti àlìkámà tí a kò mú hù ni wọ́n ń sè pọ̀. Òdòdó hóòpù tí wọ́n ń fi sí i ti gbó fún ọdún mélòó kan, nítorí kì í ṣe ìkorò rẹ̀ ni wọ́n ń wá bí kò ṣe agbára rẹ̀ láti dènà ìbàjẹ́. Bí omi ọkà náà bá ti hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn a dà á sínú ọpọ́n bàbà fífẹ̀ kan ní òkè àjà, yóò sì máa tutù níbẹ̀ di òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi ìwúkàrà sí i. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí, tí wọ́n wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára àgbá, ni ó ń sọ ọ́ di ọtí, bí ẹmu ọ̀pẹ ṣe ń kan fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọjọ́ ni ẹmu ń lò, nígbà tí lambic lè lo ọdún mẹ́ta nínú àgbá onígi.

Ìfiwéra

Omi ọkà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọtí yìí ti wá. Ọjọ́ orí àti èso ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gueuze jẹ́ àdàlù lambic ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta. Ṣúgà tí ó ṣẹ́kù nínú èyí tí kò tíì gbó ni ó ń mú un ru nínú ìgò bí ṣáńpéènì. Grand Cru Bruocsella kì í ru rárá: lambic ọlọ́dún mẹ́ta nìkan ni, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pè é ní wáìnì funfun.

Èso ṣẹ́rì kíkan ni wọ́n ń rẹ sínú Kriek, raspberry sì ni ti Rosé de Gambrinus. Ẹni tí ó bá retí adùn èso nínú wọn yóò rí i pé kò sí, nítorí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú èso náà tán. Òórùn, àwọ̀ àti ìkan ni ó kù. Fou' Foune, tí wọ́n fi àpíríkọ́ọ̀tì ṣe, dára jù kí ó tó pẹ́ nínú ìgò, torí òórùn èso náà kì í tọ́jọ́. Èso àjàrà dúdú ni ti Saint Lamvinus, èèpo rẹ̀ sì ń fún ọtí náà ní agbára tí ó lè fi pẹ́. Iris dá yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí kò ní àlìkámà nínú.

Zwanze, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àwàdà ní èdè àdúgbò Brussels, ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ṣe é, èròjà rẹ̀ sì máa ń yí padà.

Òtútù àti iye ọtí

Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n lè pọn lambic, nítorí bí òru bá móoru, àwọn baktéríà tí a kò fẹ́ yóò gbilẹ̀ nínú ọpọ́n náà. Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń pọ̀ sí i, owó nìkan kò lè mú kí ọtí pọ̀ sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, òru móoru débi pé ilé ìpọntí náà ní láti dá iṣẹ́ dúró. Jean Van Roy, ọ̀gá apọntí ibẹ̀, sọ nígbà náà pé àkókò tí bàbá ìyá òun fi ń pọntí lọ́dọọdún gùn ju ti òun lọ.