Ẹṣin kì í ṣe ẹran ọjọ́ ayẹyẹ nìkan: ohun tó wà nídìí oko ẹṣin kékeré nílẹ̀ Yorùbá

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wọ ojúde Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tẹrú-tọmọ ní í sì í jáde wò wọ́n. Àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ọdún 2024 tàn dé gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó sì rí i ló wù láti ní ẹṣin tiwọn. Ohun tí àwòrán kì í fi hàn ni àwọn ọjọ́ yòókù nínú ọdún. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹṣin yóò jẹun, yóò mu omi, yóò yàgbẹ́, pátákò rẹ̀ yóò máa hù, eṣinṣin yóò sì máa jẹ ẹ́, yálà ẹni tó ni ín wà nílé tàbí kò sí nílé. Ẹni tó bá ti rí owó ra ẹṣin, tí kò sì tíì rí ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò tíì ṣe tán láti ní ẹṣin.

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ yìí ti le nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ Ilé tó fi ẹṣin jagun títí tó fi di ìjọba ńlá, pápá ọ̀dàn ló wà, síbẹ̀ ìhà àríwá, lọ́dọ̀ àwọn Tápà àti Hausa, ni wọ́n ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹṣin wọn. Robin Law, onímọ̀ ìtàn tó kọ odidi ìwé lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1980, fi àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹṣin kún ohun tí kò jẹ́ kó pọ̀ ní ìhà gúúsù. Olókùn-ẹṣin tí ìtọ́jú ẹṣin ọba wà níkàáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn kékeré láàfin Ọ̀yọ́, ìyẹn náà sì fi bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó hàn. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun Ìlọrin, ilẹ̀ tó ń wọ igbó kò sì gba ẹṣin bí pápá ṣe gbà á. Igbó tó le fún ẹṣin nígbà náà kò tíì rọ̀ fún un.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá oko ẹṣin sílẹ̀ ro ọ̀rọ̀ àrùn méjì kó tó ra ilẹ̀ rárá. Èkínní ni èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara ẹṣin tó bá ní in a máa gbóná lónìí, a sì tún rọlẹ̀ lọ́la; a máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun; èrìgì àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ a funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀; ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ a sì wú. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní í lè gbé e mọ́. Òògùn wà fún un, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ diminazene tí àwọn darandaran ń gún fún màlúù léwu gan-an fún ẹṣin tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì. Dókítà ẹran nìkan ló yẹ kó gún un.

Èkejì ni àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà. Kantíkantí, kòkòrò kékeré tó ń fò, tó máa ń jáni láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, ló ń gbé e kiri. Mímí a ṣòro fún ẹṣin tó bá mú, ìfòófó a máa ru jáde nímú rẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí àrùn yìí wọ ilẹ̀ Thailand lọ́dún 2020, níbi tí àwọn ẹṣin kò ti mọ̀ ọ́n rí, ó pa ẹṣin tó lé ní 500. Kò sí òògùn tó ń wò ó sàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà, kí ẹlẹ́ṣin sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí àwọn kòkòrò méjèèjì yìí, etí odò tó kún fún igbó kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé ẹṣin sí. Ilẹ̀ tó ga díẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí omi kì í dúró sí, ló dára. Kí wọ́n kó àwọn ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì ta àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré gan-an sí ojú fèrèsé, torí kantíkantí a máa gba inú àwọ̀n ẹ̀fọn kọjá.

Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Yorùbá ti ń wá, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó lè rin odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tó bá ti ìrìn bẹ́ẹ̀ dé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gùn lọ sóde ìyàwó lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó dá wà, kó máa jẹun, kó sinmi, kí dókítà sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó bá nílé. Kí ẹni tó ń rà á la ẹnu rẹ̀ wò nítorí eyín ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá gàárì ti dá egbò sí i, kí ó sì ní kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ líle. Ẹṣin tó ń ju orí sókè bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ ní ìrora nínú ẹsẹ̀ náà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ ni ẹṣin ń gbé, èyí tó bá dá wà máa ń sọ̀rètí nù, a sì máa jẹ igi ilé rẹ̀ nítorí ìdánìkanwà. Méjì tàbí mẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀ tó bójú mu, èyí tó bá ti lé ní márùn-ún kì í ṣe oko kékeré mọ́.

Ní ti ilẹ̀, éékà kan fún ẹṣin kan ni ìwọ̀n tó kéré jù tí ó lè rí koríko jẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta kí koríko apá kan máa sinmi nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ti apá kejì. Igi ni kí wọ́n fi sọgbà, kì í ṣe wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ẹṣin tí ẹ̀rù bá bà kì í wo wáyà kó tó sáré lù ú. Yàrá tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta àbọ̀ ní ìbú àti òró tó fún ẹṣin kan, èérún pákó tí wọ́n ń kó dànù níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sì ṣeé tẹ́ sílẹ̀ fún un. Ìgbẹ́ ẹṣin kan lójúmọ́ lè tó kílò 15. Tí wọ́n bá gbá a jọ sí òkìtì kan títí tó fi jẹrà, ooru inú rẹ̀ yóò pa ẹyin aràn, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ yóò sì wá rà á.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ti ń ṣìnà, kì í sì í ṣe pé wọn kò fún un tó, ohun tí kò yẹ ni wọ́n ń fún un. Ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í bì. Ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn ni pé kó máa jẹ koríko díẹ̀díẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Ẹṣin ilẹ̀ wa tó wúwo tó kílò 300 nílò nǹkan bí kílò mẹ́fà koríko gbígbẹ lójúmọ́. Tó bá jẹ́ tútù, ó gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa torí omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ dára láti fi kún un. Ọkà bàbà tàbí àgbàdo wà fún ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kó ju kílò kan àbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹṣin tó bá já wọ àká, tó sì jẹ ọkà yó, lè ní ìgbóná inú pátákò, àrùn tó lè sọ ọ́ di arọ títí ayé. Omi tó mọ́, láti lítà 20 dé 40 lójúmọ́, àti iyọ̀ díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn.

Ohun mẹ́ta kan wà tí kò hàn sójú, tó sì ń pa ẹṣin. Àgbàdo tó ti bu léwu: kòkòrò inú ìbu náà ní oró kan tó ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, kò sì sí ìwòsàn fún un. Àgbàdo tí ẹlòmíràn kò lè tà mọ́ kọ́ ni ti ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ adìyẹ tó ṣẹ́ kù: òògùn kan tí wọ́n ń pè ní monensin máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, kò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́. Ẹ̀kẹta ni eèrí ọkà àti ti àlìkámà tí ọ̀pọ̀ ń gbára lé nítorí pé ó wọ́pọ̀. Èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ. Ẹṣin tó bá ń jẹ ẹ́ ṣáá, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti máa fa kálísíọ̀mù, títí egungun ojú rẹ̀ yóò fi wú.

Inú rírun ni àìsàn tó ń dẹ́rù ba ẹni tó mọ ẹṣin jù. Ẹṣin tó bá ń wo ìhà rẹ̀ lemọ́lemọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tó ń yí gbiri, tí kò sì yàgbẹ́, dókítà ni kí wọ́n pè kí oòrùn tó tún yẹ̀. Kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da epo pupa tàbí àgbo sí i lẹ́nu, torí ó rọrùn kí ó gba ọ̀nà ọ̀fun sọ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Olùtọ́jú tó bá ń mọ ara ẹṣin rẹ̀ nígbà tó bá le yóò tètè mọ̀ nígbà tí kò bá le: ooru ara rẹ̀ jẹ́ láti 37.5 dé 38.5, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní 28 dé 44 láàárín ìṣẹ́jú kan bó bá ń sinmi. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ tí ara ẹṣin le ló yẹ kí ẹlẹ́ṣin ti gba nọ́mbà dókítà sọ́wọ́.

Pátákò gba kí wọ́n wò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n fi irin họ ẹrẹ̀ àti òkúta abẹ́ rẹ̀ kúrò, pàápàá nígbà òjò tí abẹ́ rẹ̀ máa ń rà, tó sì máa ń rùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gé e. Eyín ń hù ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹṣin, etí rẹ̀ a sì máa mú, torí náà kí dókítà yùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti dìgbòlugi kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Òògùn aràn ní tirẹ̀, kí dókítà yẹ ìgbẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó. Bí wọ́n bá ń lò ó láìnídìí, aràn a máa mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gùn ún ló kàn, kò sì ní í dùn mọ́ gbogbo olówó. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ ni pé ẹni tó gùn ún pẹ̀lú gàárì àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin lọ. Fún ẹṣin tó tó kílò 300, kílò 60 nìyẹn. Ọkùnrin tó sanra, tó wọ agbádá àṣọ òkè, tó jókòó lórí gàárì onírin, ti kọjá ibẹ̀ kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin ńlá ni irú wọn nílò, ẹṣin ńlá náà sì ń jẹ ju kékeré lọ. Ẹṣin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò yẹ fún gígùn rárá. Kò sì bójú mu kí ẹṣin gbọ́ ìró ìbọn ṣakabùlà àti ìlù fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú agbo. Ní oko ni wọ́n ti ń fi ìró mọ́ ọn létí, láti òkèèrè wá sí ìtòsí, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oko kékeré ló yẹ kí abo ẹṣin ti bímọ. Oṣù mọ́kànlá ni oyún rẹ̀, abo kò sì ní í lè ṣiṣẹ́ gidi ní òpin rẹ̀ àti nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Bó bá bí, ọmọ gbọ́dọ̀ dìde láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, kó mu ọmú láàárín wákàtí méjì, ibi ọmọ sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín wákàtí mẹ́ta. Èyí tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di ti dókítà. Akọ tí wọn kò fẹ́ fi gun abo, ó sàn kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, torí akọ ẹṣin nínú oko tí olùtọ́jú kan ṣoṣo wà léwu fún olùtọ́jú náà.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Abala 495 nínú Criminal Code ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Aádọ́ta náírà kò lè ra ìdì koríko kan lónìí, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ṣì jẹ́ oṣù mẹ́fà.

Ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 tàbí 30 láyé, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ni kò ní í lè ṣiṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n ti fi owó oúnjẹ ọdún wọ̀nyẹn kún ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ta arúgbó ẹṣin sọ́jà kò mọ ibi tó ń lọ. Bí ìrora rẹ̀ bá ti kọjá ìtọ́jú, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ sùn ún láìjìyà. Ẹran ẹṣin tó gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé jẹ fún èèyàn tàbí ajá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ jìn sin ín sí, níbi tó jìnnà sí kànga.